Ilẹ̀ ìdánwò ọ̀gbàrá nílẹ̀ Okun: ibi tí ìwọ̀n ti ń bàjẹ́

Láti Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye erùpẹ̀ tí òjò ń kó lọ lóko, kó wọn ilẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 22.1, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.83. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló fi ìwọ̀n náà lélẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún éékà ni, kí ìṣirò lè rọrùn. Ìdagẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ni pé kí ilẹ̀ wálẹ̀ ní mítà 9 láàárín mítà 100.

Páànù la fi ń yí i ká, ìdajì nínú ilẹ̀, ìdajì lókè. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, yanrìn ló wà lójú ilẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi òòlù lu páànù wọlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká, àlàfo á ṣẹ́ kù, omi tí kì í ṣe ti ibẹ̀ á sì gba àlàfo náà wọlé. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò tóóró, ẹ gbé páànù sí i, ẹ fi amọ̀ tútù dí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Àgbá tó ń gba omi tó bá ṣàn kúrò lórí ilẹ̀ náà ló kàn. Òjò mìlímítà 30 lórí ilẹ̀ yìí tó nǹkan bíi lítà 1,213. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ bá ṣàn, lítà 400 ti dé nìyẹn, àgbá wa kò sì ju lítà 200 lọ. Ẹ gé ihò tóóró márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá kìíní lókè, kí gbogbo wọn dọ́gba ní fífẹ̀ àti gíga. Èyí tó wà láàárín nìkan ni kó máa ṣàn sínú àgbá kejì. Bí lítà 40 bá wà nínú ìkejì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ó di 200. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ ti àgbá kìíní, ó di 400. Ṣùgbọ́n bí àgbá bá fì díẹ̀, bí ìbú ìka kan péré, ihò kan á gba omi ju èkejì lọ, ìṣirò yẹn á sì di irọ́. Orí kọnkéré ni kẹ́ ẹ gbé e kà, kẹ́ ẹ sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà wò ó lọ́tùn-ún lósì.

Láti Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ríro omi inú àgbá pọ̀ kún un, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwọ̀n ti ń kú. Yanrìn kì í dúró lójú omi. Kí ẹ tó ṣí ìdérí ìgò, ó ti wà nísàlẹ̀. Kí ẹnì kan máa rò ó láìdáwọ́dúró, kí ẹlòmíràn máa bu omi láàárín. Ẹ bu lítà kan lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbẹ ẹ́ nínú ààrò oníná ní ìwọ̀n 105 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì fún wákàtí 24, ẹ wá wọn ohun tó kù. Bí gíráàmù kan bá wà nínú lítà kan, lítà 400 ti gbé 400 gíráàmù lọ. Lórí hẹ́kítà kan, ó tó nǹkan bíi kílò 99, nínú òjò kan ṣoṣo.

Ohun ìwọn òjò náà, ẹ má gbé e sábẹ́ kajú. Kó jìnnà sí igi ní ìlọ́po méjì gíga igi náà, ó kéré tán.

Láti Mọ̀pà

Ní ti ohun tó ń dá ọ̀gbàrá dúró, ìwádìí tí Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ṣe ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, láti ọdún 1970 lọ, yé wa yékéyéké: koríko gbígbẹ tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà kan ń dín in kù gidigidi. Lórí ilẹ̀ ìdánwò tiwa, ìyẹn jẹ́ kílò 16 sí 24. Ẹ má tíì tẹ́ ẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná ìgbẹ́ á jó o. Nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ.

Koríko vetiver tí a ń gbìn ní ìlà dábùú ìdagẹ̀rẹ́ náà dára, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 láàárín ìdí kan sí èkejì, ṣùgbọ́n gíga ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba jákèjádò ìlà rẹ̀. Igi ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó rí bíi A, pẹ̀lú òkúta tí a fi okùn so láti orí rẹ̀, la fi ń wá ìlà náà. Ẹ gbé e sórí èèkàn méjì, ẹ sàmì síbi tí okùn bá kan igi tó dábùú. Ẹ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ dà, ẹ sàmì kejì. Bí okùn bá kan àárín àmì méjèèjì, ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì dúró sí dọ́gba nìyẹn. Bí ìlà bá rì níbì kan, ibẹ̀ ni omi á kóra jọ sí, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti fọ́ jáde.