Ẹ̀ta iná ló kọ́kọ́ ń dé: ìrírí wa pẹ̀lú iná igbó

Ìyá Tóbi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí, nítorí ó yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò, pé ìgbà tí iná igbó bá dé ẹnu ọ̀nà nilé ń gbiná. Lọ́jọ́ tí igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń jó, iná náà ò tíì dé tòsí ọgbà wa rárá tí nǹkan pupa wẹ́wẹ́ ti ń já bọ́ látojú ọ̀run. Ẹ̀ta iná ni: èèpo igi àti ewé gbígbẹ tí iná ti ràn, tí atẹ́gùn gbé fò. Ọ̀kan bọ́ sórí ẹní ìnusẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò wa. Ẹní náà ò gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ dúdú lójú kan, èéfín tín-ín-rín jáde, etí ibi tó dúdú náà wá ń pọ́n, ó ń jẹ ẹní lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kan ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn onípákó. Ọmọ wọn ọkùnrin ló rí i, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa, ó sì bu omi lé e. Ká ní kò sẹ́nì kankan nílé ni, ibẹ̀ ni iná ì bá gbà wọlé, nígbà tí igbó tó ń jó gan-an ò tíì dé.

Látìgbà náà ni mo ti ń wádìí. Jack Cohen, onímọ̀ kan tó bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ igbó, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìdí tí ilé kan fi ń jó tí èkejì rẹ̀ ò ní jó. Ohun tó rí ni pé ilé fúnra rẹ̀ àti ohun tó yí i ká nítòsí ló ń pinnu, kì í ṣe bí iná ṣe pọ̀ tó nínú igbó lọ́hùn-ún. Èyí fi mí lọ́kàn balẹ̀ gan-an, torí ìtòsí ilé wa wà ní ìkáwọ́ wa.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ewé gbígbẹ ló kún inú gọ́tà ilé ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó o kúrò, kí ẹ sì tún gun àkàbà padà lọ kó o bí ewé bá tún rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo mítà kan ààbọ̀ tó yí ògiri ká. Kò yẹ kí ohun tó lè jó wà níbẹ̀: igi ìdáná, àga oníke, páálí, òdòdó abẹ́ fèrèsé. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ àjà, ẹ fi àwọ̀n irin bò ó, kí ojú àwọ̀n náà má ju mìlímítà 2 lọ, torí ẹ̀ta iná tó bá wọ àjà, ẹ ò ní mọ̀ títí òrùlé yóò fi gbiná.

Mi ò ní kí ẹ gé gbogbo igi ọgbà yín o. Igi tútù tó dá dúró, tí ẹ̀ka rẹ̀ ò kan òrùlé, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Pàǹtí abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ gbá. Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ilẹ̀ tí ẹ máa ro gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju tiwa lọ. Iná a máa sáré gun òkè, torí ooru rẹ̀ ti ń mú ohun tó wà lókè gbẹ kó tó dé ibẹ̀. Bí òkè bá fi dígírì 10 dà sí i, eré iná á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Délé

Ẹ kú ewu iná, Ìyá Tóbi. Àtikúrò nílé ni tèmi.

Màmá mi ti dàgbà, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú la ti jókòó pẹ̀lú wọn, a fẹnu kò pé ọjọ́ tí wọ́n bá kéde ewu iná tó ga jù, àárọ̀ la ó kúrò, a ò ní dúró kí a rí èéfín. Ní Ọsirélíà, lẹ́yìn iná ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2009 tó pa ènìyàn 173, wọ́n dá irú ìkéde bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, pé lọ́jọ́ náà kí ènìyàn tètè kúrò ló dára jù.

Nígbà tí ọjọ́ wá pé, Màmá yí ohùn padà. “Ilé tí bàbá yín kọ́ lẹ ní kí n fi sílẹ̀? Èéfín dà?” Òótọ́ ni, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní, “Màámi, ẹ ṣàánú mi. Ilé ṣeé tún kọ́.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n bá wọn mú oògùn wọn.

Àwọn tó ń pín iná mànàmáná ti pa á nítorí ẹ̀fúùfù, kí wáyà má baà já dáná sígbó. Iná mànàmáná ló sì ń ṣí géètì wa. Àbúrò mi ti kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ tú u, ìyẹn ló yọ wá. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, kí gbogbo ará ilé gbìyànjú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ní ìlú Paradise àti agbègbè rẹ̀ ní California, nínú iná igbó tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ènìyàn 85 ló kú. Ọ̀nà tó jáde nílùú náà ò pọ̀, ọkọ̀ ń sún kẹrẹ fà kẹrẹ, inú ọkọ̀ niná sì ká àwọn mìíràn mọ́. Ìdí tí mo fi ń dojú ọkọ̀ wa kọ títì nìyẹn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Báàgì wà nínú rẹ̀: ìwé ilé àti ìwé ẹ̀rí, oògùn, omi, tọ́ọ̀ṣì, rédíò oníbátìrì. Aṣọ òwú tàbí irun àgùntàn ni kí ẹ wọ̀, apá gígùn, nítorí ọ̀rá a máa yọ́ mọ́ ènìyàn lára.

Abọ́sẹ̀dé

Bọ̀dá Délé, ẹ bá wa kí Màmá. Àwa ò ríbi gbà lọ ní tiwa, igi ti wó dí ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde.

Ọkọ mi ti pọnmi sínú gbogbo báfù àti korobá láti àárọ̀, torí pọ́ńpù ò ní ṣiṣẹ́ bí kò bá síná mànàmáná. Nígbà tí iná dé, a wà ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn síta, kì í ṣe balùwẹ̀, kí a má baà há. Iná náà ń hó bí òjò ńlá tó ń bọ̀ lórí páànù. Ooru iná yẹn lè pa ènìyàn kí ọwọ́ iná tó kàn án, ògiri ló gbà wá. Kò pẹ́ tó fi kọjá, a bọ́ síta síbi tó ti jó tán, a ń pa ẹ̀ta iná tó ṣẹ́kù pẹ̀lú aṣọ tútù.

Ẹ má sùn lálẹ́ ọjọ́ náà láìgbé tọ́ọ̀ṣì wọ àjà, kí ẹ sì tún padà wò ó lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ìdí igi tó jó: iná ṣì lè máa jẹ gbòǹgbò lábẹ́ ilẹ̀, kí eérú sì bò ó lójú.