Ẹ̀rọ agégi ni mo ń tún ṣe: ṣé kí n dúró sídìí rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Kàbà ni mo wà. Àwọn agégi ń gbé ẹ̀rọ wá bá mi láti Ìyàrá títí dé Ìsánlú, ọdún keje rèé. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń bà wọ́n jẹ́, àìpo ọ́ìlì mọ́ epo dáadáa ni. Mílílítà 100 péré ni lítà 5 bẹntiróòlù ń fẹ́, síbẹ̀ wọ́n á ní ọ́ìlì ti wọ́n jù. Lánàá mo tú ọ̀kan: ara písítìnì rẹ̀, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ti họ yánnayànna, bí ẹni pé ológbò fi èékánná ya á. Owó ni fún mi, àmọ́ ó dùn mí.

Igi ńlá ń tán nítòsí wa. Ẹ̀rọ oníbátìrì náà ti dé, kò ní kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kò ní pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i. Kí ni n ó wá máa tún ṣe? Ẹnìkan ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ katapílà, ti háídírọ́líìkì gan-an, ìyẹn agbára ọ́ìlì tó ń gbé apá rẹ̀. Ọ̀gá tó máa kọ́ mi ní ọdún kan àbọ̀ ni n ó fi kọ́ ọ, ọmọ méjì sì wà nílẹ̀ tó ń jẹun. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ti ṣọ́ọ̀bù ni, àbí mo lè máa ṣe méjèèjì pọ̀?