Ìṣòro wo lẹ ti fi ìrònú inú yanjú rí? Ẹ wá sọ tiyín

Arójinlẹ̀:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ tí ẹlòmíì kì í gbọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí kálukú ń bá ara rẹ̀ sọ nínú. Àwọn àgbà ní inú ni orúkọ tí a máa sọ ọmọ ẹni ń gbé. Èmi náà gbà pé inú ni ojútùú ọ̀pọ̀ wàhálà ń gbé kó tó dé ọwọ́. Mi ò sọ ti kéèyàn dijú kó máa fi ojú inú rí ọlà o. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta ìyẹn. Wàhálà kéékèèké ni mò ń wí: ẹrù tó sọnù, oorun tó kọ̀ tí kò wá, ọ̀rọ̀ gbígbóná tó yẹ kéèyàn fèsì sí. Báwo lẹ ṣe ń fi inú yanjú tiyín?

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àpótí tí mò ń kó ìwé pàtàkì sí ló dàwátì, bẹ́ẹ̀ ìwé kan nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kílẹ̀ tó mọ́. A tú ilé pátá. A yẹ gbogbo àpò aṣọ wò, a gbé àga, a sún ibùsùn, a tú ẹrù àwọn ọmọ. Bí mo ṣe ń wá a ni ojú mi ń ṣú sí i. Mo bá jókòó. Dípò kí n máa bi ara mi pé "ibo ló wà?", mo ní "báwo ni mo ṣe wọlé lẹ́ẹ̀kan?" Mo dijú. Òjò ń rọ̀ nígbà yẹn, bàtà mi ti mu omi. Àpò wà léjìká, fóònù ń dún, mo fi etí àti èjìká há a kí n lè gbọ́ ẹni tó ń pè. Kí ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi? Agbòòrùn. Mo rí ara mi bí mo ṣe ń pa á dé kómi má baà kán sílẹ̀, ọwọ́ tí mo fi pa á dé náà sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo dìde, mo lọ síbi tí mo fi agbòòrùn kọ́ sí, mo ṣí i, kọ́kọ́rọ́ já lulẹ̀. Inú agbòòrùn! Ta ni ì bá wá a débẹ̀?

Kò sí àdììtú níbẹ̀. Ní 1975, Duncan Godden àti Alan Baddeley, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ní kí àwọn òmùwẹ̀ kan há àwọn ọ̀rọ̀ sórí, òmíì lábẹ́ omi, òmíì lórí ilẹ̀. Èyí tí wọ́n há lábẹ́ omi, abẹ́ omi ni wọ́n ti rántí rẹ̀ dáadáa jù. Èyí tí wọ́n há lórí ilẹ̀, orí ilẹ̀ ló ti wá. Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ máa ń bá wa fa ìrántí rẹ̀ jáde. Ní àwọn ọdún 1980, Ronald Fisher àti Edward Geiselman mú irú òye yìí wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà: kí wọ́n tó bi ẹlẹ́rìí ní ohunkóhun, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ fi ọkàn padà síbẹ̀, kó rántí bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ariwo tó ń lọ, àti bó ṣe ń ṣe é lára. Ó yá, ta ló kàn?

Nọ́ọ̀sì Òru:

Agbòòrùn yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Oorun ni tèmi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ojú ọ̀sán ni mo máa ń sùn, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀sán kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n ariwo ìta kọ́ ló ń dá mi láàmú, ti inú ni. Bí mo bá ti forí lélẹ̀ báyìí, gbogbo ohun tí mi ò tíì ṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé èsì ọmọ, ẹ̀rọ omi tó ń jò, ẹni tí mo ṣèlérí fún pé màá pè. Bá ò kú, ìṣe ò tán, àbí? Èyí tó ń bí mi nínú ni pé iṣẹ́ tí mo ti parí kì í wá ní tiẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù nìkan ló mọ ọ̀nà ibùsùn mi. Ọjọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ o: láti 1927 ni Bluma Zeigarnik ti kọ ọ́ ní Jámánì pé iṣẹ́ tí wọ́n dá àwọn èèyàn dúró nídìí rẹ̀ ni wọ́n rántí ju èyí tí wọ́n ṣe parí lọ.

Àwọn kan á ní kí n gbé e kúrò lọ́kàn. Ṣé ẹ ti gbìyànjú ẹ̀ rí? Ní 1987, Daniel Wegner ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan má ronú béárì funfun rárá, kí wọ́n máa lu agogo nígbàkigbà tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Agogo ń dún ṣáá ni. Nítorí náà mi ò lé ìrònú mọ́. Ìwé pélébé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, mo máa ń kọ gbogbo ohun tó kù láti ṣe sínú ẹ̀ kí n tó pa iná. Michael Scullin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí lórí èyí jáde ní 2018. Èèyàn 57 ló sùn sí yàrá ìwádìí wọn. Ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n ní kí kálukú fi kọ̀wé. Àwọn tó kọ ohun tí wọ́n máa ṣe yára sùn ju àwọn tó kọ ohun tí wọ́n ti ṣe parí, ní bí ìṣẹ́jú 9. Bí àwọn tó kọ iṣẹ́ ọjọ́ iwájú bá sì ṣe kọ ọ́ fínnífínní tó, bẹ́ẹ̀ ni oorun ń tètè gbé wọn tó.

Fínnífínní yẹn gan-an ni gbogbo ẹ̀. Tí mo bá kọ "ọ̀rọ̀ ọmọ", ìrònú ò ní lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ "pe olùkọ́ rẹ̀ láago mẹ́wàá, bèèrè ọjọ́ tí ìwé èsì máa jáde", ó ti tán nìyẹn, ara á sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n máa lo fóònù dípò ìwé. Mo kọ̀. Fóònù tí mo ṣí torí kí n lè sùn, àwọn èèyàn ẹ bá mi dá sí i.

Oníyèméjì:

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Gbogbo èyí dùn-ún gbọ́ létí. Èmi náà ti lo inú rí, kò ṣe nǹkankan fún mi. Iṣẹ́ ni mò ń wá. Ẹnì kan sọ fún mi pé kí n máa fojú inú rí ara mi lórí àga níbi iṣẹ́ náà, kí n máa gbọ́ báwọn èèyàn ṣe ń kí mi, kí n jẹ́ kí ayọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo ṣe é dáadáa. Mo tiẹ̀ mọ àwọ̀ ògiri ọ́fíìsì náà lọ́kàn. Wọn ò pè mí. Kí lẹ fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Olùkọ́ Ìṣirò:

Àbúrò, o ṣeun tó o sọ ọ́ síta. Ìwọ kọ́ ló jẹ̀bi, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ẹ ni. Ibi tí o ń lọ ni wọ́n ní kó o máa wò, wọn ò ní kó o wo ọ̀nà.

Ní 1999, Lien Pham àti Shelley Taylor ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ìdánwò wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní káwọn kan máa fojú inú rí ara wọn tí máàkì gíga ti jáde, tínú wọn ń dùn. Wọ́n ní káwọn mìíràn máa rí ara wọn níbi tí wọ́n ti jókòó ti ìwé, tí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń kàwé. Àwọn tó fojú inú kàwé ló tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kà lóòótọ́, àwọn náà ló sì ṣe dáadáa jù. Ìyẹn nìkan kọ́. Gabriele Oettingen àti Thomas Wadden tẹ̀ lé àwọn obìnrin kan tó fẹ́ dín ara kù, wọ́n sì kọ ọ́ ní 1991 pé àwọn tí àlá wọn dùn jù nípa ara tuntun náà ni ara wọn dín kù díẹ̀ jù. Bí ọkàn bá ti jẹ ayọ̀ ọ̀hún tán, kí ló tún máa lé ẹsẹ̀ jáde?

Ohun tí mo máa ń ṣe fáwọn ọmọ kíláàsì mi rèé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí ìbéèrè gígùn, ojú wọn á fọ́, ọwọ́ á dá. Mi ò kì í sọ fún wọn pé "gbà á gbọ́ pé o lè ṣe é". Mo máa ń ní kí wọ́n kọ gbólóhùn kan sí ẹ̀yìn ìwé wọn: "Bí mo bá ka ìbéèrè tí kò yé mi, màá kọ gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n fún mi sílẹ̀, màá sì fa ilà sábẹ́ ohun tí wọ́n ń bèèrè." Ọmọdébìnrin kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń da ìwé délẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn ẹ̀ nígbà ìdánwò kan. Ó ka ìbéèrè kẹta, ó mí kanlẹ̀, mo ní ó ti dé. Ni bírò ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa ilà, ó tún fa òmíì. Kò gbà á tán o, ṣùgbọ́n kò da ìwé délẹ̀.

"Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, màá ṣe tọ̀hún" ni Peter Gollwitzer fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí. Nínú ọ̀kan tí òun àti Veronika Brandstätter tẹ̀ jáde ní 1997, wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ kan láàárín ọjọ́ méjì lásìkò Kérésì, ìgbà tí ọwọ́ olúkúlùkù dí. Nínú àwọn tó ti sọ tẹ́lẹ̀ ibi àti ìgbà tí wọ́n máa jókòó kọ ọ́, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ṣe é. Nínú àwọn tí kò sọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni.

Ìyá Ìbejì:

Èmi ò ní pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí ìtọ́jú ìyá wa, ó ní n kì í ṣe nǹkankan. Èmi tí mò ń sùn lọ́dọ̀ wọn! Mo ti tẹ ìlà mẹ́ta, ìkọ̀ọ̀kan gbóná ju ìṣáájú ẹ̀ lọ. Mo wá gbé fóònù délẹ̀, mo pe ara mi lórúkọ bí ẹni pé ẹlòmíì ló jókòó síwájú mi: "Ìyá Ìbejì, kí lo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lọ́la? Ṣé o fẹ́ kó sunkún ni àbí o fẹ́ kó wá gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ?" Ẹ ẹ̀ rí i, bí mo ṣe ń dárúkọ ara mi ni ìbínú ń rọlẹ̀, torí mi ò lè gba ọ̀rẹ́ mi níyànjú pé kó fi ìlà mẹ́ta yẹn ránṣẹ́. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Mo kọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí ohun tẹ́ ẹ kọ. Ó dùn mí. Ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ọ̀sẹ̀ tó rọ̀ yín lọ́rùn láti wà lọ́dọ̀ wọn." Wọ́n wá.

Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló sọ fún mi pé Ethan Kross àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan kọ nípa èyí ní 2014: ẹni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ máa ń kápá ìnira ọkàn rẹ̀ ju ẹni tó ń sọ "èmi, èmi" lọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà:

Kí ayùn tó kan pákó, mo máa ń dúró, màá ní lọ́kàn ara mi pé: iṣẹ́ yìí ti parí, ó sì ti bà jẹ́, oníbàárà ń pariwo. Kí ló bà á jẹ́? Gary Klein kọ nípa irú ẹ̀ ní 2007 fáwọn tó ń ṣe olórí iṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan, mo ti ya àwòrán ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ bá ògiri yàrá mu rẹ́gí. Mo dijú, mo bi ara mi ní ìbéèrè yẹn. Èmi ò rí pákó tó sán, mi ò rí ilẹ̀kùn tí kò dé. Mo rí èèyàn mẹ́rin tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù dúró ní kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, kò ṣeé tẹ̀ síwájú, kò ṣeé dá padà. Mo gbé téèpù, mo lọ wọn kọ̀rọ̀ yẹn. Kò lè gbà á láéláé! Mo pín in sí méjì, a dè é pọ̀ nínú yàrá.

Oníyèméjì:

Ẹ̀gbọ́n Gbẹ́nàgbẹ́nà, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé bó ṣe ń rí ibi ní gbogbo ìgbà nìyẹn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Òru:

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ti Gbẹ́nàgbẹ́nà ní ìparí: ó rí ewu, ó gbé téèpù. Tó bá jẹ́ pé ìrònú kan náà ló ń yí po, tí kò sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe sí i, ìyẹn ti di nǹkan míì. Tí ìbànújẹ́ bá sì wà lára èèyàn lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ ò wọlé, tí oorun ò wá, kó lọ rí dókítà. Kó má fi ìwé ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí mi ṣe oògùn o.

Oníyèméjì:

Mo gbọ́, ẹ ṣé, mà. Tèmi ò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbòmíì, àyà mi sì ti ń já láti ìsinsìnyí. Kí ni mo fẹ́ wí fún ara mi? Kí n fọkàn balẹ̀?

Olùkọ́ Ìṣirò:

Má wulẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ara tó ti gbóná kì í gbọ́ "fọkàn balẹ̀". Alison Wood Brooks dán an wò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014: àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n sọ pé ara àwọn yá gágá kí wọ́n tó kọrin tàbí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn ṣe dáadáa ju àwọn tó ń ní ara àwọn balẹ̀. Àyà tó ń já lù kìkì nínú ẹ̀rù náà ló ń já nínú ìdùnnú. Sọ pé ara ẹ yá gágá, kó o wá kọ "bí wọ́n bá... màá..." tìẹ sílẹ̀.

Oníyèméjì:

Ó dáa, sà. Mo ti kọ ọ́: "Bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀, màá sọ apá tí mo mọ̀, màá sì sọ bí mo ṣe máa wá ìyókù." Mo tún ti ṣe ti Gbẹ́nàgbẹ́nà mọ́ ọn: mo rí ara mi tí mo pẹ́ dé, tí mò ń wá ilẹ̀kùn tó yẹ kí n kàn. Lọ́la màá lọ wo ibẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ti kí ara mi yá gágá yẹn, mi ò tíì gbà á tán o.