Ọdún Márùn-ún Kì í Ṣe Gbèdéke: Lórí Èdè-Ìperí Jẹjẹrẹ Egungun

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹni tó gbé ìbéèrè wá ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ egungun àti àwọn ẹbí wọn. Ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún life expectancy, prognosis àti five-year survival. Títí di àná, mẹ́ta lẹ ti fún un: ìrètí ìyè, àsọtẹ́lẹ̀ àìsàn, àti ìyè ọdún márùn-ún. Kò sí èyí tí mo fara mọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kẹta ló léwu jù, ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ojú ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn ka gbólóhùn yìí: "Ìyè ọdún márùn-ún fún àrùn yìí jẹ́ 70 nínú 100." Ohun tí yóò gbọ́ ni pé ọdún márùn-ún ló kù fún ọmọ òun. Kò ṣi ìwé kà o. Bí èdè wa ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, ọdún karùn-ún ló ń parí. Iṣẹ́ ọdún méjì, bákan náà. Tí a bá ti gbé iye ọdún tẹ̀lé orúkọ, bí nǹkan náà ṣe gùn tó la sọ yẹn. Àwọn oníṣègùn ò sì sọ bí ayé ẹnikẹ́ni ṣe máa gùn tó. Wọ́n ka 100 èèyàn lọ́jọ́ tí wọ́n rí àrùn náà lára wọn. Nígbà tó pé ọdún 5, wọ́n tún wọn kà, 70 ló ṣì wà. Bí ìgbà tí olùkọ́ pe orúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó tún pè é ní ìparí ni. Àwọn tó dáhùn lẹ́ẹ̀kejì lè máa lọ́mọ, kí wọ́n lọ́mọ-ọmọ. Nínú àwọn tí kò dáhùn, ẹlòmíràn ò pé oṣù mẹ́jọ.

Èyí tí mo dábàá ni "àwọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5". Ó gùn, mo mọ̀. Lórí tábìlì, "alààyè lẹ́yìn ọdún 5" ti tó. "Lẹ́yìn" yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Ẹnì kan mú ìlàájá wá láti inú "là á já". Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, ìlàjà àwọn tó ń jà làwọn èèyàn máa kà. Ẹni tó là á já, ewu ti kọjá lórí rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ò sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Osteosarcoma, irú jẹjẹrẹ kan tó ń ti inú egungun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bó bá máa padà, láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa ń yọjú sí jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò àyà aláìsàn léraléra lẹ́yìn ìtọ́jú. Alààyè ni, kò tíì sẹ́ni tó sọ pé ó ti là á já.

Ìrètí ìyè ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé, ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Ìṣirò ni ohun tí a ń wí. Ká ní wọ́n bí ọmọ 10. Mẹ́ta kú lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, méje gbé 70 ọdún láyé. Méje lọ́nà 70 jẹ́ 490. Ẹ pín in sí 10, ó di 49. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kú ní ẹni ọdún 49! "Ìpíndọ́gba ọjọ́ ayé" ni mo máa pè é, tí a bá ń sọ ti ìlú. Nínú ìwé aláìsàn, kò tilẹ̀ yẹ kó sí níbẹ̀, torí ẹni àárín làwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ máa ń wò. Ẹ to èèyàn 11 bí wọ́n ṣe pẹ́ láyé sí lẹ́yìn tí wọ́n rí àrùn náà. Iye oṣù tí ẹni kẹfà lò ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Márùn-ún pẹ́ jù ú lọ, ẹni tó pẹ́ jù sì lè fi ogún ọdún jù ú lọ kí nọ́ńbà náà má yí padà. "Iye oṣù ẹni àárín", ẹ wo bó ṣe rọrùn tó.

Ó ku prognosis, ìyẹn ohun tí oníṣègùn rò pé àìsàn yóò yọrí sí. Wòlíì ló ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ wòlíì kì í sì í yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ti àìsàn máa ń yí. Ẹ mú osteosarcoma ní orúnkún ọmọ ọdún 15: wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní oògùn kímò (chemotherapy, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10, wọ́n á wá ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á gbé egungun tí wọ́n gé lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Bí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100 sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ibẹ̀ bá ti kú, ọ̀rọ̀ ti dára ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ níṣàájú. "Ìforílé àìsàn" ni mo fara mọ́, láti inú forí lé: ibi tí ó dojú kọ báyìí, tó sì lè yà kúrò níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kékeré kan: ẹ má fi "ipele" túmọ̀ ohun méjì, stage àti grade. Ibi tí àrùn rìn dé ni ipele. Bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe le sí lójú maikirosíkóòpù, "ìrorò" ni ká pè é. Nínú chondrosarcoma, irú tó ń ti ara kerekere bẹ̀rẹ̀ tí kímò kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn, ìrorò yìí gan-an ló máa ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ forí lé.

---

Èsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ ti fo ohun tó ń da ìwé pélébé wọ̀nyí rú jù. "Jẹjẹrẹ egungun" fúnra rẹ̀, èwo? Èyí tó ṣẹ̀ nínú egungun ṣọ̀wọ́n. Èyí tó ti ọmú, prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀), ẹ̀dọ̀fóró tàbí kíndìnrín wá bá egungun ló pọ̀ jù láàárín àgbàlagbà. Sẹ́ẹ̀lì ọmú ló ṣì wà nínú egungun yẹn, oògùn jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Bí bàbá tí jẹjẹrẹ prostate ti dé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń ka nọ́ńbà ọmọ ọdún 15, ìwé ẹlòmíràn ló ń kà. Mo dábàá "jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ nínú egungun" àti "jẹjẹrẹ àtọ̀húnrìnwá".

Bákan náà, ẹ yéé lo "ìtànkálẹ̀" fún bó ṣe ń gbéra láti ibì kan lọ sí ibòmíràn nínú ara. Kọ́lẹ́rà ló ń tàn kálẹ̀ ládùúgbò. Ẹni tó bá kà á, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya abọ́ aláìsàn sọ́tọ̀. "Ó fọ́n ká inú ara" ṣe kedere. Ẹ sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀: eegun yàtọ̀ sí eégún.

"Ìforílé" ni mi ò tíì gbà. Orí wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn á gbọ́ àkúnlẹ̀yàn.

---

Èsì:

Mo gba àtọ̀húnrìnwá, mo gba fọ́n ká. Ti orí yẹn, ẹni tó forí lé ọ̀nà Ìbàdàn, ta ló gbọ́ àkúnlẹ̀yàn níbẹ̀? Kí ẹni tó ni ìwé kà á sétí àwọn aláìsàn márùn-ún mẹ́fà, kó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́. Èyí tí wọ́n bá gbọ́ sí kádàrá, kó yọ ọ́.

Ní báyìí, gbólóhùn tó lè tẹ̀ jáde nìyí, nọ́ńbà Amẹ́ríkà ni o, fún àwọn tó rí ìtọ́jú gbà: "Nínú 100 èèyàn tí osteosarcoma wọn ò tíì kúrò lójú kan nígbà tí wọ́n rí i, nǹkan bíi 75 ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Bó bá ti fọ́n ká dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí ibòmíràn tó jìnnà, nǹkan bíi 25 ni. Kí oògùn kímò tó dé láwọn ọdún 1970, tó jẹ́ iṣẹ́ abẹ nìkan, wọn kì í pé 20." Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń wú, tó ń dùn ún lóru, tí àwọn tó ń to eegun sì ń fi òróró wọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta, ìlà kìíní ló ti lè wà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìlà méjèèjì wà pọ̀ lójú ìwé kan náà.