Gbúre tí mo fi ọkọ́ lé, tó tún padà wá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ gbúre.

Ọbáńtokò, ní Abẹ́òkúta níbí, ni à ń gbé. Àpáta ló gba ìdajì ẹ̀yìnkùlé wa, ìwọ̀nba erùpẹ̀ tó kù ni mo gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sí. Lọ́dún tí a kó dé ibẹ̀, òjò ò tíì rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí gbúre fi bo ewédú mi mọ́lẹ̀. Mo gbé ọkọ́, mo ro ó, mo gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo sì fi í sílẹ̀ lórí ebè pé oòrùn á pa á. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo igi tí mo gé ló ti ta gbòǹgbò, tí wọ́n ń yọ ewé tútù.

Mo ti ra oògùn apakoríko kí ìyá ọkọ mi tó dé láti Ọ̀dẹ̀dá.

"Ìyàwó wa, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Màámi, gbúre yìí ni mà. Kò jẹ́ kí ewédú mi mí."

"Oúnjẹ lẹ fẹ́ da májèlé sí yẹn. Bí ẹ ṣe gé e tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nínú òjò yẹn, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín nìyẹn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ fà á tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, torí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Wọn ò jẹ́ kí ìkankan kan ilẹ̀. Orí àpáta ni wọ́n sá gbogbo rẹ̀ sí, oòrùn sì gbẹ ẹ́ títí tó fi ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àpáta tí mo ti ń ráhùn sí látọjọ́ yìí, òun ló wá wúlò jù.

Wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n rì í mọ́ ìdí ẹ̀rọ omi, níbi tí ilẹ̀ kì í ti gbẹ. Ibẹ̀ nìkan ni gbúre ń gbé nílé wa báyìí. Bó bá ti ga díẹ̀, màá gé e, màá ṣẹ́ ìwọ̀n ìka mẹ́rin kù nílẹ̀, á sì tún rú. Ohun tí mo ń ṣọ́ jù ni òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó so, hóró dúdú kéékèèké á fọ́n káàkiri, ibi tẹ́ ò lérò lẹ ó ti rí i lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ gé e kó tó tanná.

Ní ti sísè, omi ló pọ̀ jù nínú ewé rẹ̀, ẹ má bù sí i. Mo máa ń rẹ́ ẹ, màá fún un dáadáa, ó wá di ìgbà tí ata, irú àti pánlá bá ti jinná kó tó wọ ìkòkò. Láfún la fi ń jẹ ẹ́. Gbúre ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní oxalate, nítorí náà, ẹni tó bá ní òkúta nínú kíndìnrín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi dókítà yín kẹ́ ẹ tó máa jẹ ẹ́ lemọ́lemọ́. Ẹ má sì já ti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà.

Lánàá, mo gé abọ́ ńlá kan kún. Ewédú náà sì ti ga dé orúnkún mi.