Ṣé èébú náà wà nínú ìwé mímọ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, mò ń ka Mátíù orí 23 lánàá, Jésù pe àwọn Farisí ní ọmọ paramọ́lẹ̀, ó tún pè wọ́n ní òmùgọ̀ afọ́jú, bẹ́ẹ̀ orí 5 ló ti sọ pé ẹni tó bá pe arákùnrin ẹ̀ ní òmùgọ̀ wà nínú ewu iná. Báwo ló ṣe wá jẹ́?

Èsì 1: Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ló wà níbi méjèèjì o, moros, torí náà ẹ má di ẹ̀bi ru àwọn tó túmọ̀ ẹ̀. Àwọn wòlíì gan-an ò lẹ́nu dídùn jọ̀ọ́, Ámósì 4:1 pe àwọn obìnrin olówó Samáríà ní màlúù Báṣánì! Torí pé wọ́n ń ni tálákà lára ni ṣá.

Èsì 2: Kùránì 62:5 náà fi àwọn tí wọ́n gbé Taorátà lé lọ́wọ́ tí wọn ò tẹ̀ lé e wé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ìwé. Lójú tèmi àfiwé nìyẹn, kì í ṣe èébú, 49:11 ṣáà ní ká má pe ara wa lórúkọ burúkú.

Oníbéèrè: Àfiwé kẹ̀! Tí wọ́n bá pè yín ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ṣé ẹ máa dúró gbọ́ àlàyé?