Ilé iṣẹ́ mọ́tò gba páàdì bíréèkì mi, wọn ò gbé fóònù mi mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè, Kàbà: Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí lálẹ́ yìí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń lọ èèpo ẹ̀kùrọ́, tí mò ń fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ nínú mọ́ọ̀dù, kí n tó rí páàdì bíréèkì tí kò ní asbestos (òkúta onífọ́nrán tí wọ́n máa ń pò mọ́ páàdì) nínú. Oṣù kẹjọ rèé tí mo gbé mẹ́rin lọ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe mọ́tò. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo wọkọ̀. Máígádì ní kí n dúró lábẹ́ igi, mo dúró títí oòrùn fi yẹ̀. Ọmọ kékeré kan ló jáde wá, ọwọ́ òsì ló fi gbà á, ó dà á sínú náílọ́ọ̀nù bí ẹni ra àkàrà. Ìyàwó mi ta máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ kí n tó rówó mọ́ọ̀dù o! Ọkàn mi ń sọ pé wọ́n ti ń ṣe é lẹ́yìn mi. Ṣé kí n pè wọ́n lẹ́jọ́?

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà: Ẹ kú ìrọ́jú. Èmi náà ta máṣíìnì tèmi lọ́dún tí ọkọ mi ní òun fẹ́ sin adìyẹ. Ẹ kọ́kọ́ ra òmíràn fún ìyàwó yín.

Ọmọ Ìsánlú: Ìwé ńkọ́? Ṣé ẹ ti gba pátẹ́ǹtì ní Àbújá? 20 ọdún ló fi ń dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. NOTAP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ lórí ẹ̀.

Mẹkáníìkì, Ìyàrá: Kí lẹ fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀?

Olùbéèrè: Ọmọ Ìsánlú, owó dà? Mo kọ gbogbo àpòpọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, sínú lẹ́tà tí mo fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé mi ò purọ́.

Ọmọ Ìsánlú: Yéè! Láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ síwèé kankan?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Ògìdì: Èèpo ẹ̀kùrọ́ kẹ̀? Òun ni bàbá bàbá mi fi ń dáná lágbẹ̀dẹ tí irin fi ń pọ́n. Ohun tó ń jó báyẹn lẹ fẹ́ fi dá mọ́tò dúró?

Olùkọ́, Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ rọra. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì wa ti yẹ èèpo ẹ̀kùrọ́ wò fún páàdì, torí eruku asbestos ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí kò le tó o náà ti dá mọ́tò dúró rí: awọ lásán ni Bertha Benz, ìyàwó Karl Benz tó ṣe mọ́tò, ní kí oníbàtà kàn mọ́ bíréèkì ọkọ̀ wọn ní Jámánì lọ́dún 1888. Ṣùgbọ́n bùrọ̀dá, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ rò ó. Bẹ́ ẹ ṣe pò ó nìkan lẹ lè pè ní tiyín.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Ògìdì: Kò sí tírélà sìmẹ́ńtì lọ́nà Jámánì lọ́dún náà. Ó wà lọ́nà Ọ̀bájáná.

Mẹkáníìkì, Ìyàrá: Mo tún ń bèèrè o. Kí lẹ fi lẹ̀ ẹ́?

Olùbéèrè: Gọ́ọ̀mù túùbù méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ ni. Ó le bí òkúta. Ọkọ̀ mọ́kànlá ló sì ń lò ó láàárín Kàbà sí Ìyàrá, ẹnì kan péré ló ráhùn.

Mẹkáníìkì, Ìyàrá: Ó le nígbà tó tutù! Phenolic resin tí wọ́n fi iná sè ni wọ́n ń fi lẹ páàdì. Bí ọkọ̀ akérò bá kún, tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè, páàdì lè gbóná kọjá 300°C. Gọ́ọ̀mù yín á ti rọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹni tó ráhùn yẹn, kí ló sọ?

Olùbéèrè: Ó ní ó ń rùn bí ike tó ń jó, pé bí òun ṣe tẹ bíréèkì tó, ọkọ̀ ò fẹ́ dúró. Ó ti yọ ọ́. Igun rẹ̀ kan ti ṣí bí èèpo ẹ̀gẹ́. Mo rò pé àṣìlò tirẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà: Jésù! Gbogbo ọjọ́ Ajé làwọn ọmọ mi ń wọkọ̀ lọ sí Kàbà!

Mẹkáníìkì, Ìyàrá: Ó ku mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ yìí, kí wọ́n páàkì. Ilẹ̀ bá ti mọ́, màá wá bá wọn níbi tí wọ́n bá wà, mi ò ní gbowó iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ti ilé iṣẹ́ mọ́tò dúró ná.

Olùbéèrè: Mo ti bá méje sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta ò gbé fóònù. Mo ti wà lórí ọ̀kadà, ilé wọn ni mò ń lọ.